Ọ̀fun Ilé

Lahti dé láago mẹ́jọ àbọ̀.
Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó sọ̀rọ̀,
ó tẹ́ aṣọ àtijọ́ síwájú ààrò, ó ní,
"Màdáàmù, ìgbà wo lẹ dáná kẹ́yìn?"
Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré
láti ìgbà tí a ti ra ilé yìí ní Duluth,
ilé arúgbó tó kọjú sí adágún.

Ó nà gbalaja, ó ki orí bọ inú ààrò
bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó fi irin họ ògiri inú:
ohun tó bọ́ sílẹ̀ ń dán bí ọ̀dà.
"Èyí kì í ṣe èéfín mọ́," ó ní,
"iná tó ń tòògbé ni."
Ó wọn bó ṣe nípọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó fa ìlẹ̀kùn irin ọrùn ààrò;
ó ké bí ewúrẹ́, kò sì pa dé tán.

Ó kan àkàsọ̀. Mo dúró nínú yìnyín,
mo di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú
bí ẹni pé agbára mi tó nǹkan.
Ó ní sìmẹ́ǹtì orí símínì ti sán
bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Àwọ̀n tó yẹ kó dé e lórí,
ìjì ti gbé e lọ, ta ló mọ ọdún wo.

Ìgbà tó wọlé, ó ti kámẹ́rà sókè lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́.
Báyìí náà ni dókítà ṣe wo ọ̀fun Ìbídùn lóṣù tó kọjá.
Páìpù amọ̀ kìíní, ó dára.
Ìkejì, ìtẹ́ ẹyẹ, ìyẹ́ mẹ́ta.
Ìkẹrin, Lahti dákẹ́.
Ojú sísán kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.
Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni igi ògiri yàrá Ìbídùn wà.

Nílé ìdáná ìyá mi n'Ígbájọ,
èéfín kì í béèrè ọ̀nà.
Ó ń ta wá lójú, ó ń gba abẹ́ páànù jáde,
a mọ ibi tó wà.
Ti ibí yìí gba ẹ̀yìn wa kọjá
nígbà tí a na ọwọ́ síná, tí a ń rẹ́rìn-ín.

Ó fi okùn pupa so ìlẹ̀kùn irin náà pa.
Irínwó dọ́là ó dín mẹ́wàá.
Mi ò dúnàá dúrà.

Lálẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yẹn.
Ó tutù bí òkúta adágún.
Síbẹ̀, mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi
dé abẹ́ fèrèsé.