Ọwọ́ Òsì Lámídì

Wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ bàbá mi lára.
Fóònù méjì lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn l'Ájàṣẹ́,
ohùn Dókítà Sènámi: "Bàbá, ẹ máa bọ̀."

Ó ń bọ̀. Bàtà rẹ̀ ń họ ilẹ̀ bí àṣákù ọwọ̀.
Ó dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ gbá a mú.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu,
ẹsẹ̀ ní òun ò wọlé.

Ẹ̀rọ bọ́ ọ títí dé egungun:
àmì wínníwínní, ìlà tó so wọ́n pọ̀.
Kò sí fìlà, kò sí ilà ojú,
kò sí ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.
Síbẹ̀, ẹ dà á mọ́ igba irú rẹ̀,
màá nàka sí i.

Ẹ̀rọ ní apá òsì kì í fì.
Dókítà ní àrùn náà ni.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ eléyìí sí i:
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni apá yẹn fi há àpò lẹ́tà mọ́ra,
láti Àtakẹ́ dé Wándò, òjò, ọ̀gbẹlẹ̀.
Kò fì nígbà ayé ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

Ó wò mí. Ó wá bíìkì.
Bàbá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà,
bí ẹni tó ń wo nọ́ńbà ilé
kó tó kanlẹ̀kùn.