Ẹni Tí Kò Tó Fàdákà

Verlin Aakre, mo tún rí orúkọ rẹ láàárọ̀ yìí
nínú àwọn alájọṣe tí ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ yọ.
Láísẹ́ńsì mọ́kànlá péré lo tà lọ́dún tó kọjá.
Ẹni tó bá tà ogún ni fàdákà,
ẹni tó bá tà ọgọ́rùn-ún ni wúrà,
ìwọ kò sí nínú irin kankan tí wọ́n dárúkọ.

Ọ̀gá mi fi ìlà pupa fa orúkọ rẹ.
Ó ní, "Ta tiẹ̀ ni eléyìí?"
Ẹnu mi wúwo.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ júwe ọkùnrin tí n kò fojú rí rí,
tí mo sì mọ ohùn rẹ̀
bí mo ṣe mọ bí ilẹ̀kùn ilé mi ṣe ń dún?

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé fóònù rẹ.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o kò tilẹ̀ kí mi.
O ní, "Ẹ̀rọ ti kú. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sanwó oṣù."
Ilé búrẹ́dì Solveig Tveit ni, létí adágún ní Duluth,
òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án.
Òtútù ti mú ọkọ̀ rẹ, kò jí;
o di irinṣẹ́ rẹ sórí pákó tí ọmọ rẹ fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
o ń fà á lọ lókùnkùn.

Ìdajì wákàtí ni ìwé wa fún ẹni bíi tìrẹ.
A lo wákàtí márùn-ún.
Mo ń gbọ́ bí eyín rẹ ṣe ń gbá ara wọn.
Mo ní tẹ ibí, má tẹ ibẹ̀ yẹn, dúró.
Ìdajì iṣẹ́ yìí, dídúró ni:
ká máa wo ìlà kékeré kan tó ń wọ́ bí ìgbín,
ká má dárúkọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù.
Ní agogo mẹ́ta òru, orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà wá,
títí kan ti ọmọ tó ń gbálẹ̀.
O ní, "Ó dáa."
O pa fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìsìnkú,
níbi tí òkú kì í ti í kánjú, àfi àwọn ẹbí rẹ̀.
Lẹ́yìn ìyẹn, Bernadine Kosloski tó ń ta òwú:
o ní kó má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sára ògiri mọ́,
ló bá fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sára aṣọ tábìlì,
ó fi òdòdó yí i ká.
Ẹ̀rín kò jẹ́ ká ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé,
bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣú,
ṣé orúkọ tiwa ni Solveig ń pè?
Ó ń ro kọfí rẹ̀, ó ń rò ó.
Ó ní, "Iye rẹ̀ kò pé."
Mo ní, "Lóòótọ́, kò pé."
Ó ní, "Ó di ìparí oṣù kẹta."
Kò wò mí lójú.

Mo pè ọ́. N kò sọ gbogbo rẹ̀.
Mo ní mẹ́sàn-án ló kù, Verlin, mẹ́sàn-án péré,
mo lè bá ọ kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà,
mo lè wà lórí fóònù bí o bá ń fi ètò tuntun hàn wọ́n.
Afẹ́fẹ́ adágún ń fẹ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ.
O ní Solveig ń ronú ṣọ́ọ̀bù kejì.
O ní, "Bóyá."

Lẹ́yìn náà o ní, "Ṣé o ṣì máa wà níbẹ̀ tó bá di alẹ́?
Ẹ̀rọ dókítà eyín yẹn tún ti ń pariwo."
Agogo márùn-ún ti lù, wọ́n ti ń paná ọ́fíìsì.
Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi kọ́ ẹ̀yìn àga.
Mo ní, "Irú ariwo wo?"