Ọ̀tún Ta Ni?

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Orest Hnatiuk ti ń kan bàálù
nínú abà tí bàbá rẹ̀ ń kó àlìkámà sí.
Saskatchewan ni, oṣù kìíní,
òtútù ìta lè la eyín sí méjì.
Bàálù náà kò tíì pé: kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní táyà iwájú,
àpótí wàrà ni ìjókòó rẹ̀.
Ṣùgbọ́n apá méjèèjì ti wọ èjìká,
páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ìṣó kéékèèké kọlà fún,
ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, kò ṣi ọ̀kan lù.

Alẹ́ òní, iná ló kàn.

“Pavlina, dúró síwájú imú rẹ̀,
ohun tí o bá rí ni kí o sọ.”
Pavlina fa kóòtù mọ́ra, ó ki ọwọ́ bọ abíyá,
ó dúró bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ tí kò ní í dé.

Orest fa wáyà látinú bátìrì katakata,
ó tẹ bọ́tìnnì.
Òkùnkùn kò mira.
Ó tún un tẹ̀.
Ó fi èdè ìyá rẹ̀ bú síkúrù kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.
Àṣé ọ̀dà ni, ọ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ kùn lásìkò ìkórè,
ló dí irin lẹ́nu tí iná kò fi ríbi gbà padà sílé.
Ó fi ọ̀bẹ há a, ó há a,
títí irin fi fi eyín funfun hàn.

“Ó tàn! Pupa lọ́tùn-ún, àwọ̀ ewé lósì.”
“Rárá o. Òsì ni pupa. Òfin ni.”
“Ojú mi ni mo fi rí i, Orest.”
“Ọ̀tún tìrẹ nìyẹn!”
“Ọ̀tún ta ni kí n tún lò?”

Ọdún mọ́kànlélógójì lórí bẹ́ẹ̀dì kan,
wọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà.

Ó ní kó wá jókòó. Àyè ò gba ẹni méjì,
ó jókòó síbẹ̀ náà, egungun itan lu egungun itan.
Ó na apá méjèèjì bí ọmọ tí wọ́n ń wọ̀ léwù:
òsì rẹ̀, pupa. Ọ̀tún rẹ̀, àwọ̀ ewé.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,
ṣùgbọ́n èyí, ọwọ́ òsì ni yóò fi máa júwe ara rẹ̀
fún ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lókè lóru:
bí o bá rí pupa mi lọ́tùn-ún rẹ, mo ń bọ̀ wá bá ọ;
bí ó bá bọ́ sósì rẹ, mo ti kẹ̀yìn sí ọ.

“Níbi tí mo dúró sí lẹ́ẹ̀kan,” Pavlina ní,
“ó ń bọ̀ wá bá mi ni?”
“Tààrà.”
“Láìní ẹ́ńjìnnì.”
Orest kò fèsì. Ó ń wo iná funfun ìdí,
tí kò tíì tàn,
tí bátìrì kò sì ní í dúró dè:
katakata ni yóò ro yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀.