Maṣíìnì Fáṣùyì

Wọ́n ní kí n ra tuntun,
ó fúyẹ́, ó ń dán bí ojú omi.
Mo fi awọ màlúù dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á;
abẹ́rẹ́ ẹ̀ kán sínú ìpele kejì.
Mo dákẹ́. Mo gba Òkè Àró lọ, l'Ákùúrẹ́ níbí,

síbi tí arúgbó dúdú yìí ti ń sùn lábẹ́ àpò kòkó,
irin tó wúwo ju ọkùnrin méjì lọ.
Opó Fáṣùyì ò gbowó gọbọi.
Ó ní, "Lọ́jọ́ tó bá tún rìn, ránṣẹ́ pè mí."

Ọjọ́ mọ́kànlá, kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù,
ìpẹtà ń jábọ́ bí èépá egbò.
Mo tú bóbìnnì: òwú pupa ṣì wà nínú rẹ̀.
Bàtà ta ni wọ́n fẹ́ fi rán?
Mi ò jù ú nù.

Ìyá dé lọ́sàn-án Sátidé,
ó jókòó, kò wojú mi.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Gbì, gbì, gbì, ó fo ẹyọ kan, gbì.
Ojú tì mí. Mo nawọ́ sí síkúrù.
"Fi í lẹ̀," ó wí.
"Bó ṣe ń tiro nìyẹn
láti ọdún tí mo ti wọlé ọkọ."