Èkùrọ́ àti Olùṣọ́

Ọdún mẹ́rin ni ṣíìpù yìí ti wà nínú ẹ̀rọ wa,
kò tóbi tó èékánná ọmọ ọwọ́,
kò sẹ́ni tó kí i káàárọ̀ rí.

Adékúnlé la wà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì,
fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí kọjú sí ọ̀sà,
èéfín ẹja Mákòkó ń wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Sista Ìbíyẹmí ní: "Bá mi dè é.
Bí wọ́n bá tún jí i gbé, kó yadi."

Kò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀.
Èyí tí wọ́n jí lọ́dún èṣí,
ẹni tó rà á ka orúkọ, ó ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀,
ó ka ti ìyàwó kan ní Alágoméjì sókè ketekete.
Obìnrin náà ti kó lọ sí Ẹ̀pẹ́.
A kì í bi í bóyá yóò padà.

Mo ṣí ìwé ètò èkùrọ́ ẹ̀rọ
(èkùrọ́ ni mo pè é, ẹ má rẹ́rìn-ín:
ohun líle àárín, tí ẹran ẹyìn yí ká).
Ìbéèrè lọ súà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.
Níbi orúkọ olùṣọ́
ẹnìkan ti dáhùn fún wa tipẹ́: bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo yí i padà. Mo tún gbogbo rẹ̀ lọ̀ kúnná.
Aago kan òru, iná lọ.
Mo lọ bẹ Bàbá Súwẹ́bá nísàlẹ̀ fún pẹtiróòlù lítà kan;
ó kùn, ó kùn, ó sì bù ú.

Nígbà tí ẹ̀rọ tún dìde, kò rí ẹnì kankan.
Mo jókòó. Mo mu omi inú ọ̀rá.
Àfìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀,
níbi tí ẹ̀rọ ti ń lajú kí èkùrọ́ tó jí,
ni mo rí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.
Èkùrọ́ ń pe ẹni tó wà látìmọ́lé.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀,
láàárín ọ̀rọ̀ funfun tó ń ṣàn lórí dúdú,
ìlà kan péré:
olùṣọ́ wà.

Sista nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé ó ti mọ̀ wá báyìí?"
"Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, mà. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ̀,
kò sì ní yọ ọ́ fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín."
Ó mi orí. Ó tẹ orúkọ aboyún àkọ́kọ́,
ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ojú ẹ̀rọ.