Àga Kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Káfíńtà ni mí, ní Ìsarà. Àga tí mo ti kàn
ju irun tó kù lórí mi lọ,
kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ẹnikẹ́ni rí
pé ta ni yóò jókòó tì ọ́, èló lo mú wá.

Mojírọ́lá ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láti Àbújá.
Ó ní, "Bàbá, ọ̀pọ̀ ni mo rà á."
Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ ni:
ọ̀pọ̀ owó kéékèèké tó sá pamọ́ sẹ́yìn owó kan.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìpẹru
wọ́n gbé báàgì wa lé òṣùwọ̀n:
gààrí tí ìyàwó mi fi ọjọ́ márùn-ún dúró tì kó lè kan,
obì gbàǹja, aṣọ ọmọ tuntun.
Kílò mẹ́fà ló lé.
Owó tí wọ́n dá lé kílò mẹ́fà náà
tó ra gààrí ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹfúnwùmí kò bá wọn jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni.
Ó jókòó sílẹ̀ dídán yẹn, ó tú báàgì,
ó ń di obì sínú àpò kóòtù mi,
tòsì, tọ̀tún, tinú, tàyà,
títí mo fi wúwo bí ìrókò tútù.
"Wọn kì í wọn èèyàn," ó ní. "Máa rìn."

Mo rìn.

A dé ibi tí wọ́n ti ń pín àga.
Wọ́n fún un ní ìkẹta, wọ́n fún mi ní kẹrìndínlọ́gbọ̀n.
Mo ní ìyàwó mi nìyí o.
Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré, bàbá,
ẹ ó jókòó pa pọ̀."
Ìyàwó mi wò mí láti orí dé bàtà
bí ẹni ń wo iṣu tí wọ́n ti gé nídìí.
"Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń jókòó tì í lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹ jẹ́ kó máa lọ sẹ́yìn."
Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Mo ń bínú lọ sídìí àga mi:
irú ọjà wo lèyí, kéèyàn ta àga tán
kó tún máa ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?
Àfi bí mo ṣe rántí
ọdún tí ìjọ ní kí n kan àga iwájú, onítìmùtìmù,
fún àwọn tó dá owó ńlá.
Èmi ni mo fi irin gbẹ́ orúkọ wọn sára igi.
Ìyá Ṣówándé, opó, ṣèèṣì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan.
Alàgbà ní kó dìde.
Ó dìde, ó ká ìró rẹ̀ jọ.
Ojú mi ló ṣe. Mo ti gba owó iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì.
N ò wí nǹkan kan.

Ọkọ̀ gbéra. Mo tẹ apá àga wò:
ike lásán, kò sí igi nínú rẹ̀.
Nígbà tí ọkọ̀ mì, ọwọ́ ọmọ tí n ò mọ̀ rí ni mo dì mú.
Ojú tì mí, mo fún un lóbì.

Lọ́hùn-ún, lọ́nà jíjìn, gèlè aláwọ̀ àlùkò kan yí padà,
ó ń wá mi.
Wọn ò tíì dá owó lé ọrùn yíyí.
Mo na obì kan sókè, kó lè rí i.