Ká Tú U ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ẹ̀bá ọ̀nà Kétu ni Píjó àgbà kú mọ́ mi lọ́wọ́,
pẹ̀lú ogún òkúta yìnyín lẹ́yìn.
Ó kọ́kọ́ ń kànlẹ̀kùn bí àlejò òru,
lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
Kí wọ́n tó wọ́ wa dé Ìta-Ọ̀pọ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́,
yìnyín àwọn apẹja ti di omi gọ́tà,
mo sì jẹ gbèsè nǹkan tí kò sí mọ́.

Mùtáírù fi sípánà gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó ní, "Àǹtí, béárìn ti jẹ. Ríìǹgì ti rẹ̀ ẹ́."
Ó ní ẹnì kan ń bẹ ní Odògúnyàn, Ṣókẹ́yẹ,
tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe tà:
wọ́n á gbẹ́ ihò rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà fàdákà,
oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dúró fún un.
"Ọ̀túnla, ẹ ti wà lójú ọ̀nà."

Mo lọ wò ó. Ó ń dán.
Mo fi ìka nù ún, ìka mi mọ́.
Mo ní, ọwọ́ ta ló dì í?
Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ni."
Méjì nínú wọn jókòó lórí táyà, wọ́n ń jẹ gúgúrú.
Ọ̀dà ò lẹ́nu tó lè fi sọ ohun tó bò.

Mo wà ní ìwé kẹrin nígbà tí bàbá mi
tú tiwa yìí kalẹ̀ sórí ẹní ìyá mi.
Ọjọ́ méje ni ìyá mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.
Èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì.
"Mùíbátù, má jẹ́ kọ́wọ́ gbọ̀n!"
Títí ó fi kú ló ń fọ́nnu:
iṣẹ́ ọwọ́ òun, kò sí àbùlẹ̀ níbẹ̀.

Àná la ṣí abẹ́ rẹ̀.
Mo rí àmì tó fi ìṣó lù: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.
Lábẹ́ ìkẹta, Mùtáírù fẹnu ọ̀bẹ yọ nǹkan jáde:
agolo mílíìkì tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́,
òǹtẹ̀ màlúù ṣì wà lára rẹ̀, ìwo kan, ojú kan.
Mùtáírù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú epo.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni màlúù yẹn fi fa ọkọ̀.

Bí mo bá ra ti Ṣókẹ́yẹ, n ò ní mọ irọ́ tó wà nínú rẹ̀.
Bí mo bá tú tèmi, ó kéré tán mo mọ ibi tí mo fi irọ́ sí.
Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni,
Rúkáyátù sì ti fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gba oníbàárà mi méjì,
ẹja ò sì mọ ìtàn bàbá ẹnikẹ́ni.

Ṣókẹ́yẹ pè lálẹ́. Mo jẹ́ kó dún tán.
Mo ní kí Mùtáírù gbé abọ́ bẹntiróòlù wá,
kí ọmọ mi wá mú tọ́ọ̀ṣì.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
N ò sọ nǹkan kan.